Iná Ẹ́ńjìnnì Tàn? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ìdérí Táǹkì

Ẹ jẹ́ kí a fi tísà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra epo sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iná pupa rúsúrúsú tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ kò pariwo, kò gbóná. Mẹkáníìkì kan ní kí ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ rẹ̀, iná kò kú. Òmíràn ní pọ́ǹpù epo ni. Owó oṣù wọlé sí i, iná kò kú. Ọmọ tí ń ta epo ni ó wá rí i pé rọ́bà inú ìdérí táǹkì ti sán. Owó tabua ti lọ lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Kí ni ó fà á? Bẹntiróòlù kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí oòrùn bá pa táǹkì, díẹ̀ nínú rẹ̀ a di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yìí a sì máa ba èyí tí à ń mí jẹ́. Nítorí náà ni Amẹ́ríkà ṣe pàṣẹ láti ọdún 1971 pé kí ọkọ̀ tuntun máa kó o pa mọ́. Agolo kan tí ó kún fún èédú ni ó ń fà á mọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fáàfù kan a ṣí, ẹ́ńjìnnì a sì jó o. Láti nǹkan bí ọdún 1996, ọpọlọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń wò bóyá afẹ́fẹ́ náà ń jò. Ihò tí kò ju mílímítà 1 lọ tó láti tan iná yìí.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà nìyí. Ẹ kọ́kọ́ yẹ rọ́bà ìdérí wò, kí ẹ dé e títí yóò fi dún. Bí ó bá jẹ́ òun ni, iná lè má kú lójú ẹsẹ̀; ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá kú, ẹ wá mẹkáníìkì tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ka nọ́ńbà àṣìṣe. P0457 ń tọ́ka sí ìdérí, P0455 ni jíjò ńlá, P0442 ni kékeré, P0456 ni èyí tí ó kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nọ́ńbà kì í sọ ibi tí ihò wà. Kí ó fẹ́ èéfín sínú páìpù pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a ṣe fún un; ibi tí èéfín bá ti yọ ni ihò wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìṣáná tàbí sìgá wá a!

Ẹni tí ó bá kàn pa nọ́ńbà rẹ́ láìtún nǹkan ṣe, iná yóò padà. Ẹni tí ó sì lẹ nǹkan bo iná, ara rẹ̀ ni ó ń tàn, nítorí iná kan náà ni yóò tàn nígbà tí àrùn gidi bá dé. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bí òórùn epo bá ń mú yín nímú, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà.

Nílé epo, bí ẹnu pọ́ǹpù bá ti já, ẹ ní ó tó. Àkúnya epo ní í ba èédú jẹ́.

Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Kí ẹ tó san owó ńlá, ẹ wo ohun kékeré.