Ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé: Kí sípíkà tuntun má sọ òrùlé di ajere

Bọ́ọ̀sì Volkswagen tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí dáńfó, ilé ni lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará Jámánì àti ará Ìlú Ọba. Ọdún 1951 ni ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tò sínú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, kí tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn lè máa gbé e lọ ìsinmi. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó tóbi tó bọ́ọ̀sì akérò ńlá wà, tó ní ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú.

Ọkọ̀-ilé tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa kì í tètè kú. Àmọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dáṣẹ́ sílẹ̀, ohùn sípíkà tí wọ́n kàn mọ́ òrùlé àti ara kọ́bọ́ọ̀dù á ti máa há bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Bébà inú rẹ̀ a máa fa omi lásìkò òtútù, fóòmù etí rẹ̀ a sì máa rún wómúwómú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ná ìnákúnàá nìyí: wọ́n á rò pé rédíò ló bàjẹ́, wọ́n á ra tuntun, ohùn náà á sì tún máa há. Kí onítọ̀hún darí ohùn rédíò sí apá ọ̀tún, kó tún darí rẹ̀ sí apá òsì. Bó bá jẹ́ apá kan péré ló ń há, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sípíkà ibẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni aláìsàn.

Ewu gidi wà lẹ́yìn sípíkà. Wáyà iná ń gba inú òrùlé kọjá, páìpù gáàsì sì lè wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣíkírù tó gùn jù lè lu òrùlé já síta. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Omi òjò ni aláǹgbá ọkọ̀-ilé: igi inú ògiri á ti jẹrà kí onílé tó fura, owó àtúnṣe rẹ̀ á sì ju owó sípíkà lọ fíìfíì.

Nítorí náà, wáyà bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ. Méjì ni bátìrì ọkọ̀-ilé sábà máa ń jẹ́, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún inú ilé. Kí wọ́n yọ ti méjèèjì, kí wọ́n sì yọ wáyà tó ń gbé iná wọlé láti ìta. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tú sípíkà àtijọ́, kí wọ́n wọn fífẹ̀ ihò àti bó ṣe jìn tó, kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Kí wọ́n ka iye óòmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. 4 ni ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ń fẹ́. Èyí tó bá kéré sí ohun tí rédíò fẹ́ lè mú kó gbóná títí tí yóò fi jó. Sípíkà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé omi kì í tètè bà á jẹ́.

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, sípíkà méjì ń pín wáyà kan lò. Ọ̀pọ̀ rédíò ìgbàlódé kì í gba bẹ́ẹ̀. Wáyà méjì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní láti ara rédíò. Bí wọ́n bá sì ṣi pọ́síítìfù àti nẹ́gẹ́tìfù gbé fún ara wọn lára ọ̀kan, ohùn ìlù kò ní rinlẹ̀ mọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá wọn ihò kó tó rajà yóò gbádùn orin rẹ̀ nínú ilé tí kò jò.