Kí Ni Dókítà Ń Wá Nínú Èémí Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Le?

Òbí tí wọ́n bá ní kó mú ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe wá fún àyẹ̀wò èémí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí. Ìdí náà ni pé bí a kò bá mọ bí èémí ọmọ tí ara rẹ̀ le ṣe lágbára tó, kò sí bí a ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti ọmọ aláìsàn ti dín kù.

Ẹ̀dọ̀fóró kì í dá afẹ́fẹ́ fà. Dáyáfíráàmù, iṣan pẹlẹbẹ tó wà láàárín àyà àti ikùn, ló ń sọ̀ kalẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Nẹ́ẹ̀fù méjì tó ti ọrùn wá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè fara pa níbi ìbí tó nira tàbí níbi iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Àyẹ̀wò tó rọrùn láti mọ agbára èémí ni ti ìfamú. Wọ́n á fi rọ́bà kékeré dí ihò imú kan, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ á wá fi ihò kejì fa afẹ́fẹ́ sínú lójijì, tagbáratagbára, bí ìgbà tó ń fa ikun sókè. Ó máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan. Agbára ìfamú tó ga jù lọ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Kò dùn ún rárá.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kò lè gbọ́ àṣẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1985, Anthony Barker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òòfà oníná ta ọpọlọ jí láti ìta orí. Àwọn dókítà wá lo irú òòfà bẹ́ẹ̀ lọ́rùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ó ń ta nẹ́ẹ̀fù, dáyáfíráàmù á sì sún kì fúnra rẹ̀. Àmọ́ láti wọn agbára rẹ̀ pérépéré, rọ́bà tín-ín-rín ní láti gba imú dé ikùn. Lójú tèmi, ìnira yẹn pọ̀ jù fún ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé méjì nínú òṣùwọ̀n agbára èémí ọmọdé tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, ti 1984 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìfamú ní 1999 láti Switzerland, ara ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti mú wọn. Ó yẹ ká ní ti àwọn ọmọ tiwa. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá mú àyẹ̀wò ìfamú wá sí ilé ìwé ọmọ yín, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí ẹ sì gbà fún wọn. Bí ọmọ bá ní òun ò ṣe, ẹ má fipá mú un.