BÍ A TI Ń DÍYE LÉ KẸ̀KẸ́ ÀTIJỌ́

Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta wúrà pàápàá gbọdọ̀ mọ ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sí ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan a jogún kẹ̀kẹ́ tí eruku bò, a sì tà á ní owó pọ́ọ́kú, láìmọ̀ pé ohun iyebíye ni. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a rò pé nítorí pé kẹ̀kẹ́ òun ti gbó, owó ńlá ni yóò mú wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò yà wò ó. Àìmọ̀ ni ó fa méjèèjì.

Ohun kìíní ni láti mọ irú kẹ̀kẹ́ tí ó jẹ́, nítorí pé ọjọ́ orí nìkan kò sọ kẹ̀kẹ́ di ọlọ́wọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Raleigh ní ìlú Nottingham ṣe kẹ̀kẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ kí iṣẹ́ náà tó dópin ní ìlú náà ní ọdún 2002. Lára wọn ni kẹ̀kẹ́ dúdú wíwúwo tí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń ra kòkó ń gùn ní ilẹ̀ Yorùbá láyé ijọ́un. Irú èyí lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n nítorí tí ó pọ̀, kì í sábà mú owó ńlá wá. Kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ tí a ṣe fún eré ìje ni àwọn olùfẹ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ń wá kiri.

Irin tí a fi ṣe fírémù, èyí tí í ṣe egungun kẹ̀kẹ́, ni ó máa ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ní ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ Reynolds ní ìlú Birmingham gbé irin kan jáde tí wọ́n ń pè ní 531. Èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀ nípọn ní ìdí méjèèjì, ó sì fẹ́lẹ́ ní àárín. Nítorí náà ó fúyẹ́, síbẹ̀ ó lágbára. Ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gàárì ni ó ń fi irin yìí hàn. Ṣùgbọ́n ìwé ṣeé lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ọlọgbọ́n a tún wọn irin tí ó gbé gàárì dúró: bí ó bá fẹ̀ tó mìlímítà 27.2, ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣeé gbà gbọ́ díẹ̀ sí i.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí. Àwọn jíà Sturmey-Archer, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham títí di ọdún 2000, máa ń ní ọdún àti oṣù lára, ní ibi tí gbogbo sípóòkù ẹ̀yìn ti pàdé. Bí a bá rí 58 àti 3 níbẹ̀, oṣù kẹta ọdún 1958 ni a ṣe é. Ṣùgbọ́n a lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà kí nọ́ḿbà fírémù àti àwọn ẹ̀yà yòókù jẹ́rìí sí i.

Ohun kẹta ni ìlera kẹ̀kẹ́ náà. Ìpáàrà tí ó wà lójú irin ṣeé nù kúrò. Èyí tí ó ti jẹ irin wọ inú ni ó burú. Kí a wo abẹ́ irin méjèèjì tí ó so mọ́ iwájú: bí ọ̀dà ibẹ̀ bá hunjọ, kẹ̀kẹ́ náà ti forí sọ nǹkan rí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sáré kùn ún ní ọ̀dà tuntun, nítorí ọ̀dà àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ ti ṣá, ni olùrà fẹ́ràn jù.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Kì í ṣe iye tí àwọn olùtà ń bèèrè ni a ń wò, bí kò ṣe iye tí àwọn olùrà san ní gbànjo. Ká ní pọ́n-ùn 300 ni wọ́n san fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó pé. Bí táyà, ṣéènì àti bíréèkì tuntun yóò bá gba 90, tí owó iṣẹ́ àtúnṣe sì jẹ́ 60, pọ́n-ùn 150 ni ó tọ́ kí olùtà retí.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí olùtà sọ òtítọ́. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra kẹ̀kẹ́ tí egungun rẹ̀ ti sán yóò gùn ún sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́ kan, ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì wà lórí irin náà. Kò sí èrè kan tí ó tó èyí.