Téṣàn Òṣogbo: Bí Ojú Irin Ṣe Yà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n

Ọ̀rọ̀ rélùwéè kì í tán lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun: kí ló dé tó fi jẹ́ Òṣogbo ló gbà? Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì wọ Òṣogbo ní 1907. Àríyànjiyàn ibẹ̀ ló gùn. Àwọn kan ní ìlú tí ẹnu ọba rẹ̀ bá tólẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó ni ọkọ̀ yà sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlú wo ni ìbá ṣáájú Ọ̀yọ́ tí Aláàfin wà? Ojú irin ò gba Ọ̀yọ́, kò sì gba Ògbómọ̀ṣọ́ tó kún fún èrò. Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀ffà ló tọ̀ dé Ìlọrin, kó tó forí lé Jẹ́bà létí odò Ọya. Ìlobùú àti Ìfọ́n, tó wà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, bọ́ sápá kan. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló pinnu ọ̀nà, ọlá ìlú ò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ìlú méjèèjì ò jẹ nínú rẹ̀ kò wo ọjà dáadáa. Kí mótò tó gbòde, orí ni wọ́n fi ń ru ẹ̀kùrọ́ gba Òkinnì wọ Òṣogbo. Téṣàn ló fa ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi John Holt àti UAC wá síbẹ̀: wọ́n á gbé ẹ̀kùrọ́ lé òṣùwọ̀n, wọ́n á rọ ọ́ sápò, alárù á gbé e sọ́kọ̀, ó di Èkó. Ọkọ̀ yẹn kan náà ló ń kó iyọ̀, aṣọ àti páànù bọ̀.

Lónìí, wọ́n ní ojú irin àtijọ́ tín-ín-rín jù, pé òun ló ba iṣẹ́ jẹ́. Àwíjàre yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mílímítà 1,067 ni ìbú rẹ̀. Ìbú yẹn gan-an ni Japan fi bẹ̀rẹ̀ ní 1872, láti Shimbashi dé Yokohama, òun ló sì pọ̀ jù lọ́hùn-ún títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọkọ̀ ayára-bí-àṣá wọn fẹ̀ jù ú lọ. Ní téṣàn Shinjuku, Tokyo, tí èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ lójúmọ́, orí irú ojú irin yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń sá. Ìtọ́jú ni wọ́n fi jù wá lọ. Ojú irin tuntun tí ìjọba ṣí ní 2021 dúró sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn, tírélà sì ń fọ́ títì fún wa. Bí a bá fẹ́ kí téṣàn Òṣogbo jí padà, ohùn Ìlobùú àti Ìfọ́n gbọ́dọ̀ wà níwájú, torí ẹrù oko wọn wà lára ohun tó gbé e ró níjọ́sí.