Láti Ẹnu Géètì dé Orí Òkè Erin: Ibi Tí Àlejò Ifẹ̀ Lè Lọ Láàárín Ọdún

Akẹ́kọ̀ọ́ wà tó lo ọdún márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí kò fojú kan Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn rí. Ó mọ Lágéré, ó mọ Mayfair, ó mọ ibi tí kòrópè ti ń kó èrò wọ ọgbà. Bó bá padà dé Èkó, á ní kò sí nǹkan wíwò ní Ifẹ̀. Ìlú tí wọ́n ní igba irúnmọlẹ̀ ó lé ẹyọ kan ń gbé! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún yìí, ìbáà ṣe ọmọ ilé-ìwé, òṣìṣẹ́ tàbí òbí tó sin ọmọ wá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà, nítorí ọgbà fúnra rẹ̀ tó ìran wò. Ìbàdàn ni yunifásítì yìí ti kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní 1962. Ní 1967 ló kó wá sí Ifẹ̀, ní 1987 ni wọ́n sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó kọ́ṣẹ́ ilé yíyà ní Bauhaus ní Jámánì, ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹ lọ dúró níwájú àwọn ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn, kí ẹ gbójú sókè. Àjà kejì yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta tún yọ ju ìkejì lọ, àfi bíi pírámíìdì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Kì í ṣe fáàrí. Àjà òkè ló ń ṣíji bo tìsàlẹ̀: oòrùn kì í ríbi ta wọ yàrá, òjò kì í sì í já bá ẹni tó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀ láìsanwó.

Gbọ̀ngán Odùduwà kò jìnnà síbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé eré orí ìtàgé wà lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ lọ. Iṣẹ́ tíátà ti pẹ́ ní Ifẹ̀. Ìlú yìí ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé The Gods Are Not to Blame sórí ìtàgé ní 1968. Ọgbà ẹranko àti ilé ohun ìṣẹ̀dá tí wọ́n kó òkúta, kòkòrò àti egungun ẹranko jọ sí wà fún ẹni tó bá kó ọmọdé dání.

Ó yá, ẹ jáde. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹnuwà, níwájú ààfin Ọọ̀ni. Ẹ̀gbẹ́ ààfin ni mùsíọ́ọ̀mù wà, tí wọ́n ṣí ní 1954. Ẹ má retí ilé ńlá olókìkí. Ilé kékeré ni, ẹni tó bá ń kánjú á ti yí i ká tán kó tó mọ̀. Ẹ má kánjú. Ní 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin níbẹ̀, ni ọkọ́ wọn bá kan orí tí wọ́n fi idẹ rọ, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ojú àwọn ère náà tutù, ìlà wẹ́wẹ́ gba iwájú orí wọn sọ̀kalẹ̀ dé ọrùn lára àwọn kan, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé àwọn òyìnbó kan tó kọ́kọ́ rí irú ère Ifẹ̀ kò gbà pé adúláwọ̀ ló ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní British Museum, láti ìgbà náà. Èmi ò lè wo àwọn tó kù nílé kí n má rántí èyí tó wà lájò.

Àwọn ìyókù ohun àtijọ́ Ifẹ̀ kò sí nínú gíláàsì rárá, abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni wọ́n wà. Títí di òní, ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lè ṣe kòńgẹ́ àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n tò níbùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹní. Ìtàn ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n fi tẹ́ ìlú kí ẹrẹ̀ má baà kan òun lẹ́sẹ̀. Ní Igbó Ọlọ́kun, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì náà. Ifẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn kò jìnnà sí Ẹnuwà. Òkúta gbọọrọ kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18 ni. Ẹni tó ti gbọ́ òkìkí rẹ̀ láti kékeré lè kọ́kọ́ rò pé ó kéré. Kó sún mọ́ ọn, kó wo àwọn ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára, kó wá sọ fún wa bí wọ́n ṣe gbá irin wọnú òkúta tí kò fọ́. Ní ti ère Mọ́remí, akọni obìnrin Ifẹ̀ ayé àtijọ́, tí wọ́n gbé dìde ní 2016, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, àwọn ọ̀dọ́ ló ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀ jù. Kò burú.

Oṣù lẹ ó máa wò bí ẹ bá fẹ́ rí ọdún ìbílẹ̀. Láàárín oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ sí Ọ̀wàrà ni Ọlọ́jọ́ máa ń bọ́ sí. Ọọ̀ni á ti wọlé jókòó fún ọjọ́ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kì í rí i, lẹ́yìn náà ni yóò dé adé Àáre jáde lọ sí Òkè Mọ̀gún. Ìgbà náà nìkan ni adé yẹn ń jáde lọ́dún. Èrò máa ń pọ̀ bí eéṣú; ẹ tètè dé, ẹ wá ibi gíga dúró sí, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Tó bá di ìparí ọdún, Edì tí wọ́n fi ń ṣèrántí Mọ́remí á tẹ̀ lé e.

Oṣù Ògún ni ọdún Ọ̀ṣun ti Òṣogbo, ìrìn tí kò tó wákàtí méjì láti Ifẹ̀ gba Ṣẹ̀kọ́nà. Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àwọn ère ràgàjì inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Susanne Wenger, ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà tó bá a ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ ọdún, Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ, ni gbogbo ojú ń wá. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan fún ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ lásán tí ọ̀bọ àti omi nìkan ń sọ̀rọ̀. Omi ọ̀hún ti pọ́n láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wa góòlù lókè odò. Ẹ wò ó, ẹ má mu ún.

Erin-Ìjẹ̀ṣà ló kù, ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìpele méje ni omi Olúmirin ń bá já bọ́ láti orí òkè. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìkejì, nítorí àtẹ̀gùn kò dé òkè. Ọwọ́ àti orúnkún lẹ ó fi gun ìyókù. Lásìkò òjò, omi á máa hó yèè, òkúta á sì máa yọ̀ bí ilá. Lẹ́ẹ̀rùn, omi á fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á balẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú, nígbà tí òjò ti ń lọ tí omi kò tíì gbẹ. Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, ṣì wà níwájú ní Èkìtì, àmọ́ ìyẹn gba kéèyàn sùn síbẹ̀.

Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ ọlidé bí ẹ bá fẹ́ ráyè. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀, torí ọkọ̀ kì í pọ̀ lójú títì níbẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá tètè dé Iléṣà, ẹ yà jẹ iyán kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Ifẹ̀.