Ṣé O Mọ Ẹni Tó Ra Àáké?

Ṣé o mọ̀ pé 5,127 ni ẹ̀rọ tó ń fa eruku tí James Dyson ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1979 sí 1984, kó tó rí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe fẹ́? Ó ṣeé ṣe kó o ti gbọ́ nọ́ńbà yẹn rí, torí pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìwúrí kì í jẹ́ kó sinmi. Ṣé o wá mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló máa ń yí padà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ohun tó tún un ṣe tàbí ohun tó bà á jẹ́? Ṣé o sì mọ̀ pé Deirdre ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ àwòrán, tó tún ń ta àwòrán tirẹ̀, kí ọbẹ̀ lè wà lórí iná fún ọmọ mẹ́ta?

A máa ń sọ fún ọmọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni. Ẹni tó ra àáké ńkọ́? Òun ni mò ń wá kiri nínú gbogbo ìtàn ìforítì tí wọ́n bá sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ká parí ti Dyson. Nígbà tí ẹ̀rọ náà pé tán, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀, tí oníbàárà ń rà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbàkúùgbà tó bá kún, owó ńlá ni fún wọn. Ta ni yóò wá gba ẹ̀rọ tí kò lo àpò? Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ tà á. Ọdún 1993 ni èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, DC01, tó dé ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 7 ni Sarah Breedlove nígbà tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá mọ́ ní Amẹ́ríkà? Ó relé ọkọ lọ́mọ ọdún 14, ó di opó lọ́mọ 20, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan. Aṣọ olówó ló fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ̀. Irun orí rẹ̀ tó ń re ló wá fi ọ̀nà òwò hàn án. Láti 1906 ló ti ń jẹ́ Madam C. J. Walker, tó ń ta ìpara irun fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, tó sì ń kọ́ wọn kí àwọn náà lè máa tà á jẹun. Ní 1912, níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ní Chicago, Booker T. Washington tó jẹ́ olórí wọn kò fẹ́ pè é kó sọ̀rọ̀. Ó dìde níbi tó jókòó sí, ó sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ. Ní ìpàdé ọdún 1913, wọ́n fọwọ́ ara wọn pè é sórí pèpéle. Mo fẹ́ràn tirẹ̀ ju ti Dyson lọ: ọṣẹ àti omi ló fi ra àáké rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé gọ́ọ̀mù tí kò lè mú nǹkan dáadáa ni wọ́n fi ṣe bébà Post-it? Spencer Silver ló ṣe gọ́ọ̀mù yẹn ní ilé-iṣẹ́ 3M ní 1968. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbé e kiri ọ́fíìsì láìrí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, títí Art Fry, òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, fi ń wá bébà tí kò ní máa já bọ́ nínú ìwé orin. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù náà sára bébà, wọ́n gbé e lọ tà ní ìlú mẹ́rin ní 1977, kò tà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní Boise, àwọn èèyàn wá ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rà á. Owó oṣù àwọn méjèèjì kò dúró ní gbogbo àsìkò yẹn. Àáké ilé-iṣẹ́ nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé rìǹgì písítìnì 50 ni Soichiro Honda kó fún Toyota láti yẹ̀ wò, tí 3 péré sì yege? Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń bẹ nínú irin. Láàárín wàhálà rìǹgì yìí, àgbàlagbà tó ti ní ilé-iṣẹ́ lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ iléèwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Hamamatsu. Kì í ṣèdánwò, wọ́n sì lé e. Kò dùn ún, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ló bá débẹ̀. Nígbà tó yá, bọ́ǹbù ogun bà nínú ilé-iṣẹ́ náà jẹ́, ilẹ̀ mì tìtì ní 1945, èyí tó kù nínú rẹ̀ wó, ó sì ta ohun tó ṣẹ́kù fún Toyota kan náà. Ní 1946, ó ti ń so ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun fi ń lo rédíò mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Gbogbo Honda tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn, ibẹ̀ ni ìran wọn ti ṣẹ̀. Láti 1949, Takeo Fujisawa ló ń mójú tó owó àti ọjà, Honda ń mójú tó ẹ̀rọ. Ní 1973, àwọn méjèèjì jọ fẹ̀yìn tì lọ́dún kan náà.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀ ni ti Chester Carlson. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu géètì gbogbo yunifásítì wa, kò kàn sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ 82 ló kọ lẹ́tà sí fún iṣẹ́ nígbà tó gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1930, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà á? Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dojú dé nígbà yẹn. Àìsàn ti dá bàbá rẹ̀ jókòó, láti kékeré ni Carlson sì ti ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé. Ó rí iṣẹ́ kan nígbẹ̀yìn, wọ́n dá a dúró. Ó wá bọ́ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ ìwé páténtì ní ilé-iṣẹ́ míì ní New York. Ìwé tí wọ́n máa dà kọ níbẹ̀ kì í tán. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, làkúrègbé sì ti ń bá a fínra. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn ló mọ ìdí tó fi yẹ kí ẹ̀rọ máa bá èèyàn ṣe ẹ̀dà ìwé.

Ilé ìdáná rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń yọ́ imí ọjọ́ lórí sítóòfù, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ sì ń gba gbogbo ilé kan. Nígbà tó yá, ó gba yàrá kan ní Astoria ní New York, ó sì fi owó oṣù rẹ̀ gba Otto Kornei, onímọ̀ físíìsì tó sá kúrò ní Austria, láti máa bá a ṣe é. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1938, wọ́n fi imí ọjọ́ bo páànù síǹkì, wọ́n fi áńkáṣíìfù ra á títí ó fi ní agbára iná, wọ́n tan iná sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì tí wọ́n kọ nǹkan sí, wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun lé e, wọ́n sì fi bébà tẹ̀ ẹ́. Déètì ọjọ́ yẹn àti orúkọ Astoria ló jáde lórí bébà náà. Fótókọ́pì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí ṣe láyé nìyẹn. Kò pẹ́ tí Kornei fi wá iṣẹ́ míì lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ó lé ní 20 ilé-iṣẹ́ tó kọ̀ ọ́ láàárín 1939 sí 1944, tí IBM àti Kodak sì wà lára wọn? Lọ́fíìsì ni Carlson ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ àlá rẹ̀. Àjọ ìwádìí kan tó ń jẹ́ Battelle ní Ohio ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Haloid, ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ta bébà fọ́tò ní Rochester. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1949 ni èèyàn lára débi pé àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ dá a padà. Haloid kò sá. Joe Wilson tó jẹ́ ọ̀gá wọn ń ya owó, ó ń ta ìpín, ó ń ná ju èrè tó ń wọlé lọ.

Ní 1959 ni Haloid gbé ẹ̀rọ Xerox 914 jáde. Ẹ̀rọ yìí wúwo tó nǹkan bíi 294 kílò, bébà a sì máa gbaná nínú rẹ̀ nígbà míì, débi pé wọ́n fi apaná kékeré sí i lára tí wọ́n sì wá orúkọ tó dùn létí fún un, torí ta ni yóò ra ẹ̀rọ tó ní apaná? Ọgbọ́n tó gba Wilson là nìyí: wọn kò fi dandan lé rírà. O lè yá a ní dọ́là 95 lóṣù, ẹ̀dà 2,000 lọ́fẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kó o wá máa sanwó díẹ̀díẹ̀ lórí èyí tó bá lé. Ìbẹ̀rù iye tó wọ́n kúrò nílẹ̀. Láti yàrá Astoria dé ibẹ̀, ọdún 21. Owó wọlé fún Carlson gan-an, ó sì fi bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là tọrẹ kó tó kú ní 1968.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 48 ni Momofuku Ando nígbà tó gbé núdùùsì tí omi gbígbóná ń sè jáde ní Japan ní 1958? Ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù tó jẹ́ olórí rẹ̀ ti wọko gbèsè, kò sí ohun tó kù ú ju ilé lọ. Ahéré kan lẹ́yìn ilé ló ti ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ tó ń din nǹkan nínú òróró ló là á lójú: bí a bá din núdùùsì, omi á gbẹ lára rẹ̀, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín á kù tí omi gbígbóná lè padà gbà wọlé. Indonesia ni Indomie tiwa ti wá, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n dídín náà ni.

Ọ̀kan tiẹ̀ ń bí mi nínú. Wọ́n ní èèyàn 1,009 ló kọ adìyẹ Colonel Sanders, baba tó ta adìyẹ díndín ní Amẹ́ríkà. Ṣé o mọ̀ pé Pete Harman ti ń ta adìyẹ náà ní Utah láti 1952, kí baba yìí tó fi ẹni ọdún 65 gbé ìkòkò sínú mọ́tò? Títì márosẹ̀ tuntun ló gba ibòmíì kọjá tó pa ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Corbin. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọjà rẹ̀ ń tà, owó ìfẹ̀yìntì dọ́là 105 sì ń wọlé lóṣooṣù. Ìjọba ló ra àáké yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Èkó ni Tope Awotona tó dá Calendly sílẹ̀? Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí àwọn adigunjalè pa bàbá rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà nígbà tó yá. Ó dá ìkànnì ìfẹ́ sílẹ̀, kò lọ. Ó ta ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó ta ohun tí wọ́n fi ń sun ẹran nínú ọgbà, èrè kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ pé kí èèyàn máa kọ ìméèlì mẹ́wàá kí wọ́n tó fi àkókò sí ìpàdé kan ló wá sú u. Ní 2013, ó kó nǹkan bí 200,000 dọ́là, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ ṣíṣe Calendly fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ukraine. Ní 2021, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Bí ọmọ mi bá ní òun fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́ kó fi ìdajì sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹjọ́ ọlọ́dún márùn-ún ló bí Econet? Strive Masiyiwa, ẹnjiníà ní Zimbabwe, fẹ́ dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sílẹ̀ ní 1993. Ìjọba ní ti òun nìkan ni. Ó ta ilé-iṣẹ́ tó ti ní kó lè máa bá ẹjọ́ lọ. Kò pe ìjọba lẹ́jọ́ òwò. Ohun tó bá wá sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni pé dídá fóònù mọ́ ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ń tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú láti sọ̀rọ̀ lójú, àwọn adájọ́ sì gbà fún un. Síbẹ̀, 1998 ni fóònù rẹ̀ tó dún.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Econet ló kọ́kọ́ ṣí GSM ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ 2001. Ìjà láàárín àwọn onípìn-ín gbé e kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, òun ni Airtel òní.

Ṣé o mọ ẹni tí 20 mílíọ̀nù dọ́là rẹ̀ wọgbó lásìkò tí wọ́n ń pín àṣẹ GSM yẹn? Mike Adénúgà, tó wa takisí ní New York nígbà tó ń kàwé. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò dá owó àsansílẹ̀ náà padà. Ó tún lọ, ó san 200 mílíọ̀nù dọ́là fún àṣẹ míì ní 2002, Glo sì jáde ní oṣù kẹjọ 2003. Kó tó dé, bó o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń yọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń fìlááṣì ara wa. Glo ní ìṣẹ́jú-àáyá tó o bá lò lo máa san. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù náà fi ń kà á bẹ́ẹ̀.