Ìránṣẹ́ Kékeré tí Ń Ṣílẹ̀kùn fún Olè: Àsọyé lórí Trojan inú Kọ̀ǹpútà àti Bí A Ṣe Ń Lé E Jáde



Ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì sọ pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti dó ti ìlú Troy fún ọdún mẹ́wàá tí odi rẹ̀ kò sì ṣeé wó, wọ́n fi igi kan ẹṣin ńlá kan, wọ́n fi jagunjagun díẹ̀ pamọ́ sí inú rẹ̀, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé wọ́n ti padà lọ sí ilé. Àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn fa ẹṣin náà wọlé. Ní òru, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, wọ́n sì ṣí ẹnubodè fún gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìwọ̀nba ènìyàn inú ẹṣin náà ni ó pa Troy run. Iṣẹ́ tiwọn ni láti ṣílẹ̀kùn. Láti inú ìtàn yìí ni a ti mú orúkọ náà Trojan, tí a fi ń pe ètò búburú tí ó wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìrísí ohun rere. Irú rẹ̀ kan wà tí a ń pè ní downloader. Òun kò jalè púpọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti wọlé tán, yóò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ pe àwọn tí ó burú jù ú lọ wá.

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ni Emotet. Ọdún 2014 ni a kọ́kọ́ rí i, olè owó báǹkì sì ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tí ó ni ín fi mọ̀ pé èrè wà nínú ilẹ̀kùn ṣíṣí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lọ́wọ́ àwọn olè mìíràn láti máa mú wọn wọ inú kọ̀ǹpútà tí Emotet ti gbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akọ̀wé kan nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan dé sí ímeèlì rẹ̀. Kò jọ lẹ́tà àjèjì rárá: ó jọ èsì sí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé Emotet ti jí i nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́ sí. Ìwé Microsoft Word kan bá lẹ́tà náà wá. Nígbà tí akọ̀wé ṣí i, àkọlé kan sọ fún un pé kò lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àfi bí ó bá tẹ ibi tí a kọ “Enable Content” sí. Ó tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ ni ó fi ìka rẹ̀ fún àwọn ìlànà tí a fi pamọ́ sínú ìwé náà, èyí tí a ń pè ní macro. Macro jí PowerShell, tí í ṣe ìránṣẹ́ tòótọ́ tí Windows ti ní láti ilé, ó sì fi àdírẹ́sì ojúlé mélòó kan lé e lọ́wọ́. Àwọn ojúlé wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tí olè ti fọ́. PowerShell ń kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan kò bá dáhùn, ó lọ sí èkejì, títí yóò fi gbé Emotet wálé.

Akọ̀wé kò rí ohun kankan. Ó pa ìwé náà dé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìka akọ̀wé ni ó la ògiri yìí.

Emotet yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àkójọ àwọn ètò tí Windows ń jí nígbàkigbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà náà ni TrickBot lè dé, tí ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ó sì ń ràn kiri láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ryuk yóò ti gbogbo ìwé pa, yóò sì béèrè owó ìràpadà. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Emotet wọ ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú Allentown ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláṣẹ ìlú náà ṣírò pé àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó wọ Kammergericht, ilé ẹjọ́ gíga ìlú Berlin ní Jámánì, a sì ní láti já ilé ẹjọ́ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mẹ́jọ gba àwọn kọ̀ǹpútà tí Emotet fi ń pàṣẹ. Wọ́n fi ọ̀nà olè fúnra rẹ̀ rán ètò kan sínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ti kó àrùn náà, pé ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, kí Emotet pa ara rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n Emotet nìkan ni ètò náà mú kúrò; kò fi ọwọ́ kan àwọn tí Emotet ti mú wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Emotet tún padà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá pa lẹ́tà àti ìwé búburú náà rẹ́, tí ó sì rò pé ọ̀ràn ti parí, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bí ẹ bá fura, ẹ kọ́kọ́ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pa Wi-Fi, kí ìránṣẹ́ náà má baà lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ẹ sọ fún ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú wọn ní wákàtí náà gan-an. Ìtìjú ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dákẹ́ títí gbogbo ilé fi jó. Kí olùtọ́jú náà pẹ̀lú má ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà alákòóso wọ inú kọ̀ǹpútà tí ń ṣàìsàn, nítorí pé olè tí ń bẹ nínú rẹ̀ lè jí i, kí ó sì fi wọ gbogbo ìyókù.

Ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ dá, kí ẹ sì fi í yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà, ti ímeèlì ṣáájú, lẹ́yìn náà ti báǹkì. Ti ímeèlì ni mo fi ṣáájú nítorí pé ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́ lè fi í gba àwọn yòókù. Ẹ kìlọ̀ pẹ̀lú fún àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí, nítorí pé lẹ́tà èké lè ti jáde lọ ní orúkọ yín.

Ní ti kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àyẹ̀wò tí a ṣe nígbà tí Windows rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Olè tí ó jí nínú ilé lè purọ́ fún ọlọ́dẹ. Microsoft Defender Offline wà nínú Windows 10 àti 11, ó sì ń ṣe àyẹ̀wò kí Windows tó jí, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ó dára, ṣùgbọ́n bí Emotet bá ti ń gbé inú kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ púpọ̀, èrò tèmi ni pé kí a nu gbogbo rẹ̀ mọ́, kí a sì fi Windows tuntun sí i láti inú ohun èlò tí a ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá. Ìwé àti àwòrán nìkan ni kí a dá padà, kì í ṣe ètò kankan, láti inú ẹ̀dà tí a ti ṣe ṣáájú ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé. Orí díìsìkì tí a ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà ni kí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ wà, nítorí pé èyí tí ó bá so mọ́ ọn ni Ryuk yóò tì pa pẹ̀lú ìyókù.

Láti ọdún 2022 ni Microsoft ti ń dí macro tí ó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Emotet ti wọ aṣọ mìíràn: inú ìwé OneNote ni ó fara pamọ́ sí, tí ó sì tún ń bẹ ẹni tí ó ṣí i pé kí ó jọ̀wọ́ tẹ ibì kan.